Ọ̀rá Tí A Fi Ọ̀kadà Gbé Lọ sí Kútọnu

Kútọnu,
14 Oṣù Kẹsàn-án, 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú bọ́dà tí wọ́n tì. Ẹ bá mi kí Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ka ìkíni tó bá ju ìlà méjì lọ, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìṣirò.

Owó tí mo ní lọ́wọ́ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 300,000 sẹ́fà. Ohun tí mo ti ná lórí ojú mi láti ìgbà náà nìyí:

Oògùn ọjọ́ Ẹtì, oṣù mẹ́jọ: 48,000
Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin: 36,000
Fọ́tò inú orí: 65,000
Owó dókítà, ẹ̀ẹ̀mẹrin: 20,000
Ọ̀kadà lílọ bíbọ̀: 6,000
Àpapọ̀: 175,000. Ó ku 125,000.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ níwájú orí mi bí ẹni pé wọ́n fi abẹ fà á, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé ìlà ìlú wo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí òsì dúró bó ṣe wà. Dókítà ní kì í ṣe àfọwọ́fà, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Ara mi fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ojú mi, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Oògùn tí mò ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń bá a wọ̀jà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ojú mi kò rù mọ́. Dókítà ní nǹkan náà ti sùn, àsìkò sì ti tó láti dí kòtò tó gbẹ́ sílẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ń bọ̀ láti òkè òkun ní Oṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ń lò níbí lọ́dún. Wọ́n máa kó ọ̀rá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kó lè kún padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, ni wọ́n fi mí sí. Owó tí èmi máa san jẹ́ 250,000, ó sì gbọ́dọ̀ pé kí Oṣù Kọkànlá tó parí. Ó ku 125,000 sẹ́fà. Lówó Nàìjíríà, ₦75,000.

Bàbá, ẹ má rò pé ẹwà ni mò ń wá. Aṣọ ìyàwó ni mò ń rán jẹun. Àwọn ìyàwó tuntun kì í fẹ́ kí n wọn àwọn, wọ́n ń bẹ̀rù pé kí ojú mi má lọ kó bá tiwọn. Wọ́n á ní, "Jẹ́ kí ẹlòmíràn wá wọ̀n mí." Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù o, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Mi ò pè yín, nítorí ìṣẹ́jú kan lórí fóònù láti ibí jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ́délé ọlọ́kadà, tó ń gba inú igbó lọ bọ̀, ló máa mú ìwé yìí wá. Mo ti san ₦500 fún un. Ẹ má san òmíràn.

Ọmọ yín,
Adéwùnmí


Jóga-Orílé,
29 Oṣù Kẹsàn-án, 2019

Adéwùnmí,

Mo kí ọ.

Ọmọ́délé gba ₦500 lọ́wọ́ èmi náà. Ó ní tìrẹ jẹ́ owó ìwé, tèmi jẹ́ owó ìdáhùn.

O kọ ₦75,000 sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ₦75. Àpò èkùrọ́ mẹ́tàlélógún ló wà nílẹ̀ níwájú mi yìí. Àwọn ará Àjàṣẹ́ tó máa ń wá rà á ní ₦6,000 kò lè kọjá mọ́. Oníbàárà kan ṣoṣo tó wá láti Ìlaròó wò ó bí ẹni ń wo òkú ewúrẹ́, ó ní ìdajì lòun máa san. Mo lé e. Wọ́n ní torí ìrẹsì ni wọ́n ṣe ti bọ́dà. Ìrẹsì sì ń kọjá lórí ọ̀kadà Ọmọ́délé lójoojúmọ́. Èkùrọ́ mi nìkan ló ń pa òfin mọ́.

Mo yẹ ìṣirò rẹ wò, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò béèrè. Nínú 250,000 yẹn, èló ni owó ọ̀rá? Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ, ọsibítù ní kí ẹbí mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá mú ẹ̀jẹ̀ wá ló ń san owó ẹ̀jẹ̀. Èmi àti Akínyẹmí, àbúrò ìyá rẹ, la na apá sílẹ̀ tí wọ́n fa tiwa, owó náà sì wálẹ̀. Bi dókítà rẹ léèrè pé bí ẹbí bá mú ọ̀rá wá fúnra wọn, èló ni yóò yọ? A kì í ra ohun tó wà nílé.

Mo lè yá ọ ní ₦40,000. Yíyá ni mo sọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun.

Bàbá rẹ,
Cornelius Ọ̀jẹ̀túndé


Kútọnu,
8 Oṣù Kẹwàá, 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò rí èsì, mi ò sì rí Ọmọ́délé. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣọ́ inú igbó ti gba ọ̀kadà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé torí owó lẹ ṣe dákẹ́, ẹ kọ "kò sí" ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ méjì ni, kò ní gba ìwé púpọ̀.

Mo padà lọ rí dókítà lánàá. Ó mi orí. Ó ní ọ̀rá kò tó, àfi kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i kó tó di Oṣù Kejìlá. Ìdààmú mi ti wá di méjì báyìí, owó àti ọ̀rá.

Ẹni tó ń lọ sí Ìlárá ni mo fi ìwé yìí rán. Ó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá ó máa dé.

Adéwùnmí


Jóga-Orílé,
27 Oṣù Kẹwàá, 2019

Adéwùnmí,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ̀rá rẹ tó wà lọ́nà.

Ìwé rẹ tí o fi rán ẹni ọ̀fẹ́ dé kí Ọmọ́délé tó rí ọ̀kadà rẹ̀ gbà padà. Nítorí náà ìwé tèmi méjì ló máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti oṣù tó kọjá ni kí o kọ́kọ́ kà, kí ìtìjú lè mú ọ pé o rò pé mo dákẹ́.

O ní ọ̀rá kò tó ní ọsibítù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í ti í tó, ṣé ọ̀rá ni yóò wá tó? Mo pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo sì gbé òṣùwọ̀n èkùrọ́ jáde sábẹ́ igi máńgòrò.

Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ni Akínyẹmí ti dìde bí ẹni fẹ́ kọ́ kíláàsì. Ó ní, "Imú ọmọ yìí, tiwa ni. Àgbọ̀n rẹ̀, tiwa ni. Ọ̀rá tó bá máa wọ ibẹ̀, ilé tiwa ló gbọ́dọ̀ ti wá."

Mo ní, "Tíṣà, gun òṣùwọ̀n."

Ó gùn ún tòun ti bàtà, tòun ti Bíbélì, tòun ti ìdì kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo ní kó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo ní, "Jókòó, Tíṣà. Owó ìfẹ̀yìntì kì í fi ọ̀rá sára èèyàn." Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, ó sì ti dín ariwo kù nílé yìí.

Ó wá kan Sẹ̀kínát àbúrò mi, tó wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ayétòrò. Òṣùwọ̀n ké. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

Sẹ̀kínát ò sọ̀kalẹ̀. Orí òṣùwọ̀n ló ti ń bá mi wí. "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mélòó lẹ fi fi sísanra mi ṣe yẹ̀yẹ́? Òní lẹ wá ń wá mi."

"Ta ló fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni! Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi, ẹ ní kí n má jókòó sórí àga tí ẹ yá wá."

Mo ní, "₦1,200 ni àga kan."

Ìyá rẹ wá bi í ní ìbéèrè tó yẹ. Ó ní, "Sẹ̀kínát, o ò sì ní máa sọ lọ́jọ́ iwájú pé ọ̀rá rẹ lọmọ mi fi ń rẹ́rìn-ín?"

Sẹ̀kínát ní, "Tó bá wá fi ọ̀rá mi rẹ́rìn-ín èmi gan-an ńkọ́? Ṣé kí n máa wò ó ni?"

Mo rí i pé wàhálà wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ìwé àdéhùn: ẹ̀bùn ni ọ̀rá yìí, a kò ní gbà á padà, a kò sì ní fi ṣe ìrègún. Sẹ̀kínát tẹ̀ka. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi han dókítà kó lè mọ̀ pé ẹbí tó ní ètò lo ti wá.

Mo ní kí Ọmọ́délé gbé Sẹ̀kínát wá bá ọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun ò lè gbé e ní iye èèyàn kan. Ó ní àpò ìrẹsì méjì ni, ó tún lé kílò mẹ́rin. Mo bá a ṣírò rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Owó tí mo ná nìyí:

Ọmọ́délé: ₦7,000
Àwọn tó dúró lójú ọ̀nà nínú igbó, ibi méjì: ₦3,500
Ìró tuntun fún Sẹ̀kínát: ₦4,000
Oúnjẹ ọ̀nà: ₦1,000
Àpapọ̀: ₦15,500

Mo yọ ọ́ nínú ₦40,000. ₦24,500 ló wà nínú ìdì tí Sẹ̀kínát so mọ́ ìdí. Ṣùgbọ́n ₦40,000 ni mo kọ sílẹ̀ pé o jẹ mí, nítorí ojú rẹ ni ọ̀rá náà ń bá lọ.

Máa fún un ní oúnjẹ dáadáa. Kó má lọ rù kí wọ́n tó fà á.

Bàbá rẹ,
C. Ọ̀jẹ̀túndé


Kútọnu,
6 Oṣù Kọkànlá, 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àǹtí Sẹ̀kínát dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé ìbàdí. Ọ̀kadà rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn gan-an ló sì bá Ọmọ́délé tì í jáde. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mumi. Wọ́n ní, "Níbo ni dókítà wà? Mo ti ń rù."

Èmi ò tíì ka ìwé yín nígbà náà. Mo rò pé wọ́n ń ṣàìsàn ni. Bí mo ṣe mú wọn dé iwájú dókítà nìyẹn, tí wọ́n tẹ́ ìwé àdéhùn sórí tábìlì, tí wọ́n sì ń tú ìró.

Faransé ni dókítà ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀. Mo ka ìwé yín fún un, láti orí kílò Àǹkù Akínyẹmí dé ibi ìtẹ̀ka. Bàbá, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù. Ó ní kì í ṣe bí ẹ̀jẹ̀. Ara máa kọ ọ̀rá ẹlòmíràn bí ẹ̀yin ṣe ń kọ owó tó ya. Láti ikùn èmi fúnra mi àti itan mi ni wọ́n ti máa fà á, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tì í sábẹ́ awọ ojú mi díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá tó wà lára mi ló sọ pé kò tó. Ó ní kí n máa jẹun ni.

Àǹtí ní, "Bi í kí ló ṣe ọ̀rá mi."

Ó ní kò sóhun tó ṣe é.

"Sọ fún un pé mo ti tẹ̀ka! Mo gba inú igbó wá, ẹ̀fọn sì ti gba ìpín tiwọn nínú ọ̀rá náà. Kí ni kí n sọ fún Alhaji nílé? Pé wọ́n dá mi padà bí ọjà tó bàjẹ́?"

Dókítà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ máa gbé ọ̀rá yín padà sílé."

Wọn ò lọ. Wọ́n ní bí wọn ò bá gba tàwọn, àwọn máa gbin òmíràn sí mi lára. Bàbá, ẹ gbé gbogbo ẹbí gun òṣùwọ̀n, ẹ ò béèrè kílò èmi tí mo ni ojú. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Dókítà ní kí n fi márùn-ún kún un. Báyìí, Àǹtí ń sè láàárọ̀, wọ́n ń sè lọ́sàn-án, wọ́n sì ń jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́ tán. Mi ò gbọ́ Faransé."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà. Ó ti ń sanra. Ọ̀tún dúró bó ṣe wà. Àwọn tí kò kíyè sí ojú mi tẹ́lẹ̀ ti ń kíyè sí i báyìí.

Ìṣirò nìyí. ₦24,500 yín di 40,000 sẹ́fà. Mo fi kún 125,000, ó di 165,000. Oúnjẹ ti jẹ 15,000 níbẹ̀. Ó ku 100,000, ìyẹn ₦60,000. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa ti ìwé. Bí kò bá pé, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí ọjọ́ mi, ó sì di ọdún tó ń bọ̀.

Dókítà tọrọ ìwé àdéhùn yín lọ́wọ́ mi. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ní ó ń dá àwọn aláìsàn yòókù lára yá.

Adéwùnmí


Jóga-Orílé,
24 Oṣù Kọkànlá, 2019

Adéwùnmí,

Mo kí ọ. Mi ò kí dókítà.

Ẹni tó bá gba 250,000 lọ́wọ́ èèyàn kò yẹ kó tún máa rẹ́rìn-ín. Gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ èmi àti ti Akínyẹmí wọ ara ìyá rẹ, kò sẹ́ni tó dá wa dúró lójú ọ̀nà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀rá ní bọ́dà tirẹ̀?

Alhaji ọkọ Sẹ̀kínát wá láti Ayétòrò, ó ní kí n dá ìyàwó òun padà. Mo ní kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ló jáde níbí, mo sì ní ẹlẹ́rìí. Iye tó bá padà wá, òun àti Kútọnu ni kó yanjú rẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe oníbàárà Ìlaròó padà. Ó wá, ó sì rántí pé mo lé òun. Ó gé ₦300 sí i lára ₦3,000 tó kọ́kọ́ sọ. Àpò mẹ́tàlélógún ní ₦2,700 jẹ́ ₦62,100. Mi ò bá a jà. Àkókò ló ń lé mi.

₦60,000 ló wà lọ́wọ́ Ọmọ́délé, ₦2,100 jẹ́ owó tirẹ̀. Ohun tí o jẹ mí di ₦100,000. Kọ ọ́ síbi tí o ti máa rí i lójoojúmọ́.

Ìyá rẹ kì í sùn mọ́. Mo sọ fún un pé àìsùn kò dín owó kù.

Bàbá rẹ,
C. Ọ̀jẹ̀túndé


Jóga-Orílé,
22 Oṣù Kejìlá, 2019

Adéwùnmí,

Mo kí ọ, bí o bá wà níbi tí ìkíni lè dé.

Ọjọ́ kẹwàá ti kọjá. Ọmọ́délé ní òun fi owó lé ọ lọ́wọ́, kò sì rántí ọjọ́ tó jẹ́. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti ṣe é. Ó ní òun ò wo ojú rẹ, ìrẹsì lòun ń wò.

Mo ra káàdì ₦1,000, mo pè ọ́. Obìnrin kan fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀ títí owó fi tán. Mi ò mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì ni tàbí ẹ̀rọ. Mò ń dá a lóhùn ní Yorùbá, mò ń bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ ní òun ò ní dáná Kérésì.

Ṣé o wà láàyè? Dáhùn ìyẹn kí o tó ṣírò ohunkóhun. ₦1,000 tí mo fi pè, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ


Kútọnu,
26 Oṣù Kìíní, 2020

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú àníyàn. Mo wà láàyè. Ìwé kan ti wà nílẹ̀ fún yín láti oṣù tó kọjá, Ọmọ́délé ló ní òun ń sinmi ọdún.

Owó yín dé lọ́jọ́ kejì Oṣù Kejìlá. Ọmọ́délé fara pa mọ́ sí Kétu títí àwọn aṣọ́gbó fi kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ọsibítù, akọ̀wé ní wọ́n ti ti ìwé, wọ́n ti fi ọkùnrin kan láti Pọbẹ̀ sí ọjọ́ mi. Mo sunkún. Àǹtí Sẹ̀kínát ò sunkún. Wọ́n lọ sílé, wọ́n gbé ẹní ìrun wọn àti kúlà oúnjẹ, wọ́n padà wá, wọ́n sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń gbowó. Ẹnu ọ̀nà náà kò fẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè wọlé sanwó, kò sẹ́ni tó lè jáde.

Akọ̀wé ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Ẹ wá gbé mi."

Ọkùnrin mẹ́ta wá láti gbé wọn. Wọ́n wo Àǹtí, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì padà lọ pe dókítà. Dókítà dé, ó rí ẹni tó jókòó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi mí sí ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá. Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rá tí ẹ fi ránṣẹ́ wúlò.

Wọ́n fà á láti ikùn àti itan mi. Ojú mi wú, mi ò lè la ọ̀tún fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó rọlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wà níbi tí kòtò wà. Fọ́tò kan wà nínú ìwé yìí. Ẹ rí i pé mo kọjú síwájú. Gbogbo èyí tí mo ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin, ẹ lọ wò ó, ẹ̀gbẹ́ kan ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyàwó kan dúró, mo wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sọ fún mi. Kò tiẹ̀ wo ojú mi.

Ohun tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ló kù. Ara máa ń jẹ nínú ọ̀rá tí wọ́n kó síbẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi ṣáájú. Ó lè jẹ tó ìdajì kó tó dúró, ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní Oṣù Kejìlá ọdún yìí, 150,000 sẹ́fà. Àǹtí ní àwọn ò ní padà sí Ayétòrò báyìí, ọ̀rá ọdún yìí làwọn ń gbìn. Wọ́n ti rù kílò mẹ́fà, wọ́n sì ní ẹ̀yin lẹ máa san án.

Bàbá, ó kù kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ yín ní ₦100,000. Ó dáa. Ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ ṣí i sẹ́yìn. Páànù òrùlé yín: ₦81,000. Owó ọsibítù Màmá: ₦52,000. Òṣùwọ̀n tí ẹ fi wọn ẹbí: ₦38,000. Mo mọ ibi tí ẹ kọ wọ́n sí. Ẹ kọ ọ́ pé "Ọlọ́run ló pèsè." Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo jókòó tì, tí mò ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ kan pèsè é.

Bí èyí tó ti ọ̀dọ̀ yín wá bá jẹ́ gbèsè, tí èyí tó ti ọ̀dọ̀ mi lọ jẹ́ ẹ̀bùn, a jẹ́ pé ẹ̀yin ti ti bọ́dà tiyín tipẹ́ kí ìjọba tó rántí tiwọn.

Adéwùnmí


Jóga-Orílé,
16 Oṣù Kejì, 2020

Adéwùnmí,

Mo kí ọ. Mo tún kí ọ. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ èkejì.

Ìdajì! Àwọn tó dúró nínú igbó kì í gbà tó ìdajì. A gbin ọ̀rá, a gbà á láti inú ara rẹ, a san owó, ara kan náà tún jókòó, ó ń jẹ ẹ́. Mo rò pé èmi ni mo ya ahun jù nílé yìí.

Sọ fún Sẹ̀kínát pé kílò mẹ́fà rẹ̀ wà nínú àdéhùn, ẹ̀bùn ni. Tó bá ń jiyàn, kó lọ kà á lára ògiri dókítà. Alhaji ti ń wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jẹun, ẹni tó sì ń jẹun níbí kò tíì rù.

Mo wo fọ́tò náà. Mo fi páálí bo apá òsì, mo wo ọ̀tún. Mo fi bo ọ̀tún, mo wo òsì. Wọn ò dọ́gba, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo wá mú páálí kúrò, mo wò ó lódindi. Mo ti mú bírò lọ́wọ́. Mi ò rí ohun tí mo máa kọ. Akínyẹmí wá wò ó, ó ní, "Ṣé ẹ rí àgbọ̀n wa?" Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti ìgbà òṣùwọ̀n nìyẹn. Mo jẹ́ kó sọ ọ́. Ìyá rẹ ti gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri, lábẹ́ páànù ₦81,000.

Mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn. Ó wà níbẹ̀ bí o ṣe sọ, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo gbìyànjú. Mo ní òṣùwọ̀n ti gbó, kí n yọ ₦10,000 nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní, "Ó ti gbó, ẹ sì ń fi ra èkùrọ́ ọmọ ọlọ́mọ?" Mo dá a padà. Mo ní páànù ń jò níbi kan. Ó ní èmi ni mo gun orí rẹ̀ lọ sá èkùrọ́. Mo dá ìyẹn náà padà. Mo ní kí n fi owó ìwé tí Ọmọ́délé ń gbà sí i. Ìyá rẹ gbé àwo oúnjẹ mi padà sínú ilé ìdáná.

₦171,000 ni tìrẹ. Mo yọ ₦100,000 tèmi kúrò. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí.

Bọ́dà ṣì wà ní títì. Èkùrọ́ tuntun ti ń kóra jọ, oníbàárà Ìlaròó sì ti ń rìn kọjá níwájú ilé mi bí igún. Mi ò ní tà á fún un. Mò ń dúró de ará Àjàṣẹ́ àti ₦6,000 rẹ̀. Jẹun.

Ohun tí Cornelius Ọ̀jẹ̀túndé jẹ Adéwùnmí ọmọ rẹ̀ títí di òní, tí Edith ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí: ₦71,000. Mi ò tíì san án.